Ẹni Tó Bá Ti Ń Dúró Tọ̀

Ìdí mi ló kọ́kọ́ rí ogun náà. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwọn tó ń ròyìn ogun máa ń gbé ara wọn gun ẹṣin nínú ìtàn, wọ́n á ní iwájú làwọn wà. Èmi ò gun ẹṣin rí láyé mi. Gàárì tó máa gba ìdí mi, odindi igi ni wọ́n máa gé kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ. Ní ebu ni mo wà, níbi tí a ti ń mọ ìkòkò. Mo tẹ̀ ba, mò ń yí ìṣà ńlá kan ká, mò ń fi òkúta wẹ́rẹ́ dán ọrùn rẹ̀. Amọ̀ dé mi ní ìgbọ̀nwọ́, mo sì kọ ìdí sójú ọ̀nà.

"Ìyá mi, ẹ wẹ̀yìn yín," ni ìyàwó àkọ́bí mi wí. Ó pọn ọmọ-ọmọ mi, ó ń fẹsẹ̀ po amọ̀ lọ́wọ́.

Mo wẹ̀yìn. Eruku ń bọ̀ lójú ọ̀nà. Eruku àgùntàn a máa fọ́n ká, ṣùgbọ́n eruku ológun a máa tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ bí ẹni tó mọ ilé tó ń lọ.

"Wọ́n tún ti dé," ni mo wí. Mo nu ọwọ́ mi sára ìró. Ìró tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ ni.

Ìgbà kẹta nìyẹn. Ọ̀gágun ń gbógun ti ìlú olódi kan lókè odò, ó ní kí ìlú kéékèèké gbogbo fi èèyàn kún tòun. Nígbà àkọ́kọ́, orin la fi sìn wọ́n dé ẹnu odi. Wọ́n ní kí oṣù tó ń bọ̀ tó lé, odi yẹn á ti wó. Àkọ́bí mi lọ nínú wọn. Mo mọ ìkòkò omi kékeré kan fún un, èyí tó ṣeé so mọ́ ìbàdí, mo tẹ àtàǹpàkò mi mọ́ ọn lọ́rùn kí n tó sun ún, kí òun náà lè máa rí ọwọ́ mi níbi tó bá wà. Odi ò wó. Nígbà kejì, a ò kọrin mọ́. Igi la ṣẹ́, ẹni tó bá fa kúkúrú ló lọ. Látìgbà náà, kò sẹ́ni tó padà, kò sí ìròyìn, àfi kí wọ́n tún wá kó èèyàn sí i.

Ọkùnrin tó kù nílùú nígbà náà, ẹ jẹ́ n sọ wọ́n fún yín: àwọn arúgbó, àwọn arọ, àwọn tí irùngbọ̀n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú wò wọ́n bóyá kí òun jáde, àti àbíkẹ́yìn mi. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ là ń pè é. Òun ló ń dáná ebu. Ó tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé bó bá dúró sáàárín igi ìdáná, mo máa ń ní kí èyí tó ń mí nínú yín dá mi lóhùn. Nígbà kejì yẹn, igi tó fà gùn ju ti ẹnìkejì rẹ̀ lọ bí èékánná. Mo mọ̀ pé igi kì í gùn lẹ́ẹ̀mejì.

A pé jọ síwájú ẹnu odi. Ọ̀gá tí wọ́n rán wá, Onírùngbọ̀n la sọ ọ́, nítorí irùngbọ̀n rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ dé ibikíbi, òun á wá tẹ̀ lé e. Akígbe rẹ̀ bọ́ síwájú ẹṣin, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kì í:

"Iná etídò tí í lé ẹja gun òkè!
Ọkọ odi, àna ẹnu ibodè!
Ó wọlé má kànkùn, ó jáde má dágbére!"

"Ọkọ odi," ni ẹnì kan wí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, "odi ọ̀hún ò sì tíì lóyún láti ọjọ́ yìí."

Ìyá Aláró ni. Ẹ̀rín gbé mi lọ́fun, mo gbé e mì, nítorí a kì í bára wa sọ̀rọ̀. Omi aró rẹ̀ ló ń ṣàn wọ kòtò amọ̀ mi, tí ìkòkò mi ń yọ àwọ̀ bí ara ẹni tí wọ́n lù. A ti jà á títí, àwọn tó ń là wá ti kú.

Olórí ìlú wa bọ́ síwájú. Àgbàlagbà ni, ikọ́ fée ń dà á láàmú, bó bá sọ̀rọ̀ díẹ̀, á dúró mí. Ó ní, "Ọ̀gá, ọkùnrin wa ti tán. Èyí tó kù, bí kò ṣe arọ, á jẹ́ arúgbó."

Onírùngbọ̀n rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin ará ìlú kéékèèké! Mo dé ìlú kan lánàá, wọ́n ní èyí arọ, wọ́n ní tọ̀hún ò ríran, wọ́n ní ti ibí yìí ṣì kéré. Mi ò gbọ́ ìyẹn mọ́." Ó fa idà yọ, ó fi ahọ́n kan irin rẹ̀. Ẹni tó bá fi ahọ́n kan irin, ọ̀rọ̀ tó bá tẹ̀ lé e, kì í ṣe ti ẹnu mọ́. "Irin gbọ́, ẹ̀yin náà gbọ́. Ọgbọ̀n èèyàn ni Ọ̀gágun ń fẹ́. Mi ò bèèrè ọjọ́ orí, mi ò bèèrè ẹsẹ̀, mi ò bèèrè ojú. Ẹni tó bá ti ń dúró tọ̀ nílùú yìí, tirẹ̀ ni mò ń wí! Ẹ̀yin lẹ máa fọwọ́ ara yín mú wọn wá, kí ègún ìyá wọn má bàa jẹ́ tèmi. Ẹni tí ẹ bá mú wá, mi ò ní kọ̀ ọ́. Ẹni tí ẹ ò mú wá, mi ò ní fọwọ́ kàn án. Bí mo bá yẹ̀ ẹ́, kí irin yìí bi mí. Ṣùgbọ́n bí òòrùn bá kan àtàrí lọ́la tí wọn ò pé, iná ni màá fi kí yín."

Ó lọ pàgọ́ sábẹ́ igi, ìkòkò èmi náà ló ní kí wọ́n fi pọn omi wá fún òun. Kò san nǹkan kan.

Ilé olórí ìlú la ti gbìmọ̀. Yàrá náà rẹlẹ̀, ọkọ́ tí kò sẹ́ni tó ń lò ó mọ́ wà ní àjà, ìpẹtà ti bò ó, fèrèsé kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀, àwọn obìnrin ti fi orí dí i. Wọ́n gbà wá sínú ilé nítorí pé àwọn ọkùnrin ò tó láti kún un.

Ahunṣọ ní ká sá wọ igbó. Olórí ìlú ní, "Pẹ̀lú ọmọ ọwọ́? Ẹṣin á bá wa kí a tó kúrò lóko." Ẹnì kan ní ká jà. Gbogbo wa wo alágbẹ̀dẹ, ẹlẹ́sẹ̀ kan, ẹni tí wọ́n ti kó gbogbo irin rẹ̀ lọ rọ ọta nígbà kejì.

"Kí lẹ̀ ń wò mí fún?" ni alágbẹ̀dẹ wí. "Òòlù ọwọ́ mi nìkan ló kù. Wọ́n ní ogun àsọtẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Èmi ò gbọ́n. Ẹ kà mí mọ́ àwọn tó ń lọ."

Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í kà, láti ilé dé ilé. Ilé ahunṣọ, méjì. Ilé alágbẹ̀dẹ, òun àti ẹsẹ̀ kan rẹ̀. Bí wọ́n ti ń kà, mò ń gbọ́ ẹ̀mí olórí ìlú tó ń fọn bí fèrè. Bí wọ́n bá kó gbogbo ẹni tó ń jẹ́ ọkùnrin, títí kan òun alára, agbára káká ni yóò fi pé ọgbọ̀n. Kò ní sí ẹni tó máa ṣí ẹnu odi láàárọ̀.

"Ilé amọ̀kòkò," ni ahunṣọ wí. Kò wojú mi. "Pẹ́lẹ́ńgẹ́."

"Ẹ dúró ná," ni mo wí. "Mo ti fún Ọ̀gágun ní ọ̀kan. Ṣé ìkòkò ni mò ń bí ni, tí èyí bá fọ́ kí n po amọ̀ mìíràn?"

"Ìyá Oníkòkò, ẹ máa bínú..."

"Màá bínú! Kí ló fẹ́ dí mi lọ́wọ́?"

Ahunṣọ gbójú sókè. Òun náà ti fi ọmọ méjì ránṣẹ́ sọ́nà odò yẹn, ọ̀rọ̀ ti korò lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, "Ẹni tó ń dúró tọ̀ ni wọ́n ní kó jáde, Ìyá. Wọn ò pe ẹni tó ń pariwo."

Ìbínú tèmi, inú àpò ìtọ̀ ló máa ń wọ̀. Mo dìde, mo jáde, mo gba ẹ̀yìn ògiri lọ.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ lè má mọ èyí. Obìnrin tí ọjọ́ orí rẹ̀ bá ti ga, tí orúnkún rẹ̀ ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́, kì í lóṣòó mọ́. Bó bá lóṣòó, ta ni yóò gbé e dìde? Á ya ẹsẹ̀, á fa ìró síwájú díẹ̀, á gbójú sókè bí ẹni tó ń wò ó bóyá òjò á rọ̀. Bó o bá ń kọjá, wàá kí i pé ẹ kú iṣẹ́, á dá ọ lóhùn, o ò sì ní mọ irú iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo wà níbẹ̀, mò ń wo òjò tí kò sí. Mo bá rí i pé mi ò dá wà. Ìyá Aláró ló dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ó ya ẹsẹ̀, ó fi ọwọ́ rẹ̀ tí aró ti sọ di búlúù gbá ògiri mú, òun náà ń wo ojú ọ̀run.

"Kí lò ń wò?" ló wí. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá mi sọ látọdún mélòó.

"Ìwọ ni mò ń wò."

"O ò rí ẹni tó ń tọ̀ rí?"

"Mi ò rí ẹni tó ń dúró tọ̀ rí," ni mo wí, "tí wọn ò tíì kó lọ sógun."

Ó wò mí. Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó wo tèmi. Ẹnu rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Kí n tó mọ̀, a ti di ara wa mú, a ń rẹ́rìn-ín débi pé n kò parí ohun tí mò ń ṣe síbi tó yẹ. Bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ mi lọ́jọ́ náà, mo jù ú nù.

A wọlé pa dà ní ọwọ́ nínú ọwọ́. Ìyẹn nìkan tó láti pa ìpàdé lẹ́nu mọ́. Mo sọ ọ́ fún wọn bó ti rí, mi ò fi ohunkóhun bò. Alágbẹ̀dẹ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ yé olórí ìlú, ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e, wọ́n ń gbá a lẹ́yìn.

"Ó fi ahọ́n kan irin," ni Ìyá Aláró wí. "Ẹyin lohùn, ó ti balẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣà á jọ fún un."

"Wọ́n á pa yín," ni ahunṣọ wí.

"Ta ló ń pa arúgbó? Ikú alára ń tijú wa, bó bá dé ẹnu ọ̀nà, á ní òun ṣi ilé."

Olórí ìlú nu omi ojú. "Bó bá kó yín lọ ní tòótọ́ ńkọ́? Ọ̀nà yẹn jìn. Mélòó nínú yín ló máa padà?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Mo ní, "Bàbá, ẹ̀ẹ̀mejì la ti fi ọmọ ránṣẹ́ sí Ọ̀gágun, kò fi iṣẹ́ kankan ránṣẹ́ padà. Bí wọ́n bá mú mi dé iwájú rẹ̀, mo ní ìbéèrè kan tí mo fẹ́ bi í."

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ gbọ́, ó bá mi ní ebu. Ààrò ti gbóná, ìkòkò ti wà nínú iná. Ó ní, "Ìyá mi, ẹni tí ìyá rẹ̀ gba ojú ogun lọ nítorí rẹ̀, ojú wo ló fẹ́ fi wo ayé?"

"Méjèèjì ni. Fi ọ̀kan wo iná, fi ìkejì wo ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ. Ìṣà mi tó wà lẹ́yìn yẹn, bó bá sán, ẹ̀yìn rẹ lá sán."

Ó ti igi sínú iná pẹ̀lú ìbínú. Lójú tèmi, kò sóhun tó dára tó o: ọmọ tó ń bínú, tó ṣì wà nítòsí.

Lọ́jọ́ kejì, kí òòrùn tó ga, a ti tò. Ọgbọ̀n àgbà obìnrin, àgbà tó ń fi ọ̀pá rìn, àgbà tó ní eyín kan, àgbà tó gbé ìdì aṣọ lérí. Mo gbé ọmọ odó dání. Ìyá Aláró fi aró kun ojú, ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe lógun nìyẹn. Ó rí bí òkú tó bínú jí.

Onírùngbọ̀n fi ẹṣin rìn kọjá níwájú wa, ó yí padà, ó tún kọjá. "Kí nìyí?"

"Ọgbọ̀n ni," ni olórí ìlú wí. "Ẹ kà wọ́n."

"Ọkùnrin ni mo ní kí ẹ mú wá!"

"Ó tì o, ọmọ mi," ni mo wí. "O ò dárúkọ ọkùnrin. O dárúkọ ẹni tó bá ti ń dúró tọ̀."

Ó yíjú sí akígbe rẹ̀, nítorí iṣẹ́ akígbe ni láti rántí ọ̀rọ̀. "Kí ni mo sọ?"

Akígbe wolẹ̀. Ó dáhùn bí ẹni tó ń fa eyín ara rẹ̀. "Ẹni tó bá ti ń dúró tọ̀, ọ̀gá. Ẹ ní ẹ ò bèèrè ọjọ́ orí. Ẹ tún ní..."

"Mo mọ ohun tí mo ní! Obìnrin wo ló ń dúró tọ̀? Irọ́ ni!"

"Ó ní irọ́ là ń pa," ni mo sọ fún àwọn ẹgbẹ́ mi. "Ẹ ya ẹsẹ̀."

A ya ẹsẹ̀. Àwọn ọmọ ogun yíjú, èyí fi apata bojú, tọ̀hún ń wo gìgísẹ̀ ẹṣin. Kí n má purọ́ fún yín, ìgbà yẹn gan-an ni ẹ̀rù bà mí, ìtọ̀ kọ̀, kò wá. Èmi tí mo kó ogun jáde! Mo dúró bí ìkòkò tó gbẹ. Èmi tí ìwúkọ́ lásán ń sọ di ọmọ ọwọ́!

Ìyàwó àkọ́bí mi rí mi láàárín èrò. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é bí a ti í ṣe fún ọmọ tí a gbé sórí ẹsẹ̀ láàárọ̀: "Ṣìì... ṣìì..." Obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gbè é. Láìpẹ́ gbogbo abiyamọ ìlú ń ṣe é, ó ń dún bí òjò lórí ewé. Ìtọ̀ wá, láti ọ̀dọ̀ Ìyá Aláró ló ti bẹ̀rẹ̀, ó sì gba ìlà náà lọ títí ó fi dé ọ̀dọ̀ mi, mo dúpẹ́. Ọmọ ogun kan lórí ẹṣin ń fún ẹsẹ̀ pọ̀, ó ń fún un pọ̀, ojú rẹ̀ ń rọ́. Kò pẹ́ tó fò sílẹ̀ tó sáré gba ẹ̀yìn odi lọ.

"Ó dúró tọ̀!" ni alágbẹ̀dẹ kígbe. "Ẹ kọ ọ́ mọ́ wọn!"

Gbogbo ìlú hó. Onírùngbọ̀n kò rẹ́rìn-ín. Ó wo irin ọwọ́ rẹ̀, ó wò wá. "Ó dáa," ló wí jẹ́ẹ́. "Ọgbọ̀n ni mo bèèrè, ọgbọ̀n ni mo rí. Ẹ gbẹ́rù yín. Ẹ̀ ń lọ."

Ẹ̀rín tán. Ìgbà yẹn ni Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ya jáde láti àárín èrò, eérú ebu ṣì wà lórí rẹ̀. "Ẹ mú èmi dípò ìyá mi!"

Mo rí ojú Onírùngbọ̀n tó tàn. Ó na ọwọ́, ọwọ́ náà ti ń lọ sí èjìká ọmọ mi.

"A ò mú un wá," ni olórí ìlú wí.

Ọwọ́ náà dúró.

"Àwa ò mú un wá," ni ahunṣọ wí, ó sì wojú mi lọ́tẹ̀ yìí. Alágbẹ̀dẹ wí i. Ìyàwó àkọ́bí mi wí i. Ó tàn ká bí iná inú koríko, gbogbo ìlú ló ń wí i, láti ẹnu odi dé orí òrùlé: "A ò mú un wá! A ò mú un wá!" Onírùngbọ̀n fa ọwọ́ rẹ̀ padà bí ẹni tó fọwọ́ kan ààrò.

"Iná ń kú ní ebu," ni mo sọ fún ọmọ mi. "Padà síbẹ̀." Mi ò wẹ̀yìn. Bí mo bá wẹ̀yìn, ẹsẹ̀ mi ì bá kọ̀.

A lọ. Onírùngbọ̀n rò pé níbi òkè àkọ́kọ́ la ti máa bẹ òun pé ká padà. Kò mọ arúgbó. Arúgbó kì í bẹ̀bẹ̀, ó máa ń tọ̀ ni. Bí a bá rìn díẹ̀, ẹnì kan á ní, "Ọmọ mi, dúró fún mi," gbogbo ọwọ́ ogun á dúró. Bí èyí bá ṣe tán, ti ẹlòmíràn á dé. Àwọn ọmọ ogun ti ń bá wa gbẹ́rù. Wọ́n ti ń pè wá ní Ìyá. Ọ̀kan bi Ìyá Aláró pé kí lèèyàn ń lò fún ikùn tó ń kùn, ó sọ fún un, ó tún bú u pé kò jẹun dáadáa.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe dé odò. Omi dé àyà. Àwọn ọmọ ogun bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n pọ̀n wá. Ọ̀kan nínú àwọn tó wá kó ọmọ mi, òun ló pọ̀n mí. Ó ń mí gúlegúle lábẹ́ mi, mo ní kó má bínú, inú mi ni ìkòkò tó tóbi jù tí mo mọ. A dé àárín odò, mo gbé àgbọ̀n lé èjìká rẹ̀, mo bojú wolẹ̀. Ìkòkò omi kékeré kan wà ní ìbàdí rẹ̀, ó ń léfòó. Àmì àtàǹpàkò wà lọ́rùn rẹ̀.

Kò dìgbà tí mo wo ọwọ́ mi kí n tó mọ̀ ọ́n.

"Ọmọ mi," ni mo wí, "níbo lo ti rí ìkòkò yìí?"

"Ti ọ̀rẹ́ mi kan ni, Ìyá. A jọ ń gbẹ́ yàrà lábẹ́ odi. Òun ló fún mi." Ó gbé ẹsẹ̀ méjì sí i. "Yàrà náà wó lù ú. Ó ní ìyá òun ló mọ ọ́n. Ó ní ìyá òun sanra, ó sì..." Ó dúró láàárín omi. Mo mọ̀ ọ́n lára nígbà tó yé e.

Kò sí ibi tí èèyàn lè lọ lẹ́yìn ẹnìkejì rẹ̀ láàárín odò. Mo di í mú. Òun náà dì mí mú. Omi ń kọjá.

Nígbà tó sọ̀ mí kalẹ̀, mo jókòó sílẹ̀ létí odò. Onírùngbọ̀n wá dúró síwájú mi, ó ti sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹṣin. Ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. "Ìyá, ẹ padà sílé. Bí mo bá mú yín dé ibùdó báyìí, Ọ̀gágun á gé orí mi, àwọn ọ̀tá á sì rẹ́rìn-ín láti orí odi. Ẹ bá mi kó àwọn èèyàn yín padà."

"A ò lọ," ni mo wí.

"Ẹ ní kí lẹ wí?"

"O búra pé o ò ní kọ ẹni tí wọ́n bá mú wá. Àwa ò padà. Àwọn àgbà ní bí ọwọ́ ẹni ò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni. Ọ̀rọ̀ tí o fi irin sọ ni èèkù tiwa, ó ti wà lọ́wọ́ wa. Mo ń bèèrè ikú tó pa ọmọ mi. Mú mi dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ní kí wọ́n gbẹ́ yàrà yẹn."

Ìyá Aláró jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Àwọn tó kù jókòó, ọ̀kan lẹ́yìn ìkejì, pẹ̀lú orúnkún tó ń dún. Onírùngbọ̀n wo àwọn ọmọ ogun rẹ̀. Ẹni tó pọ̀n mí ti jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú wa, ìkòkò náà wà lórí itan rẹ̀. Kò sẹ́ni tó pàṣẹ fún un.

Onírùngbọ̀n kúnlẹ̀ lórí orúnkún kan. "Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Ẹ̀yin tí mo búra fún nìkan lẹ lè tú mi sílẹ̀."

"Fi ahọ́n kan irin náà padà," ni mo wí, "kí o tún un sọ bó ti yẹ. Pé o ò ní bèèrè ẹnì kankan mọ́ nílùú wa, ìwọ àti ẹni tó bá rán ọ."

Ó fi ahọ́n kàn án. "Mi ò ní bèèrè ẹni tó ń dúró tọ̀ mọ́ nílùú yìí..."

"Àti ẹni tó ń lóṣòó," ni Ìyá Aláró wí. "A ti mọ̀ ẹ́."

"Àti ẹni tó ń lóṣòó..."

"Àti ẹni tó ń tọ̀ sórí ẹní," ni ẹlẹ́yín kan kígbe láti ẹ̀yìn. "Ọmọ-ọmọ mi wà níbẹ̀."

Ó sọ gbogbo rẹ̀. Ó ní òun á sọ fún Ọ̀gágun pé ìlú wa pé iye rẹ̀, àmọ́ odò kọ̀ láti gbé wọn kọjá. A tú u sílẹ̀. Ọmọ ogun náà fẹ́ fún mi ní ìkòkò. Mo ní, "Òùngbẹ ni mo mọ ọ́n fún. Máa fi mu omi. Lọ́jọ́ tó o bá ń padà sọ́dọ̀ ìyá tìrẹ, gba ebu mi kọjá, wá dá a padà." Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán: ó dá a padà. Ó wà lórí pẹpẹ mi.

A dé ilé kí òòrùn tó wọ̀ lọ́jọ́ kejì. Èéfín ń jáde ní ebu, ó tọ́, ó mọ́, iná tó gbọ́ràn. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ń yọ ìkòkò. Ìṣà ńlá mi kò sán. Ó rí mi, ó gbé e kalẹ̀ jẹ́ẹ́ kó tó sáré, mo mọ̀ pé mo tọ́ ọmọ dáadáa. Mo sọ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún un níbẹ̀, pẹ̀lú ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ara wa mú nínú eérú.

Orúnkún mi ti burú ju ti ìgbà yẹn lọ. Ọmọ-ọmọ mi, èyí tí wọ́n ń pọ̀n nígbà náà, ti gbẹ́ àga oníhò kan fún mi, ó ní, "Ìyá àgbà, ẹ máa jókòó tọ̀, ẹ má bàa ṣubú."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àga náà dára, mo fi ń gbé òdòdó. Èmi, mò ń di ògiri mú, mò ń ya ẹsẹ̀, mò ń wojú ọ̀run. Ìdúró tí mo fi gba ọmọ mi, n kò ní jókòó lé e.